Líle Kì í Ṣe Adùn: Ọ̀rọ̀ lórí Ìdájọ́ Sìgá Eléwé

Ìyìn tí ó rọrùn jù lọ láti fi fún ohunkóhun tí a bá fi ẹnu tọ́ wò ni pé ó le. Mo ti jókòó láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn oníṣòwò pàtàkì ní Ìbàdàn àti ní Èkó, tí wọ́n ń mu sìgá tí ó ti Kúbà tàbí Nikarágúà wá, mo sì ti ṣàkíyèsí pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jáde lẹ́nu wọn lẹ́yìn èéfín àkọ́kọ́: "Ó le!" Bí omi bá bọ́ lójú ẹni tí ó sọ ọ́, tí ó sì wúkọ́ díẹ̀, ìyìn náà a tún ga sí i. Ẹni tí ó bá sọ pé sìgá náà kò dùn mọ́ òun, wọn a ní kò tíì dàgbà tó. Ìdájọ́ parí síbẹ̀.

Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìdájọ́ kankan kò tíì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Líle kì í ṣe adùn; títa pàápàá kì í ṣe adùn. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ń tan ẹnu ara rẹ̀ jẹ, ó ń sọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó ṣe sìgá náà di asán, ó sì ń yin ohun tí ó yẹ kí ó máa bẹ̀rù. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé Yorùbá ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Èdè abínibí wọn ti pa ààlà sáàárín àwọn nǹkan wọ̀nyí kí a tó bí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ààlà náà kò sí.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí n sọ irú sìgá tí mo ní lọ́kàn. Kì í ṣe sìgá oníbébà tí wọ́n ń dì ní ogún-ogún ni mò ń sọ. Sìgá eléwé ni: èyí tí a fi ewé tábà nìkan ká láti inú dé òde. Ìpele mẹ́ta ni ó ní, èyíinì ni ewé inú, ewé tí a fi di ewé inú pọ̀, àti ewé ìbora tí ojú ń rí. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n mu kì í fa èéfín rẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró. Wọn a gbà á sẹ́nu, wọn a tọ́ ọ wò, wọn a sì tú u jáde. Ohun ìtọ́wò ni, a sì lè dá a lẹ́jọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti ń dá ọbẹ̀ lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yìí: le, ta àti dùn.

"Le" ń tọ́ka sí agbára tí ohun kan ní lórí ẹni tí ó lò ó. Oògùn le, ọtí le, àìsàn le. Ẹnu kọ́ ni a fi ń mọ líle sìgá. Gbogbo ara ni. Òyì a máa kọ́ ni, òógùn a máa bọ́ níwájú orí, inú a máa ru, òsúkè a sì máa gbé ẹlòmíràn. Ohun tí ń fa gbogbo èyí ni nikotíìnì, èròjà tí ewéko tábà ń pèsè láti fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò tí ó bá fẹ́ jẹ ewé rẹ̀. Èéfín sìgá eléwé yàtọ̀ sí ti sìgá oníbébà ní ti pé nikotíìnì inú rẹ̀ lè gba awọ ẹnu wọ inú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé a fà á dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rò pé adùn ni òun ń tọ́ wò, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun ìjà ewéko ni ara rẹ̀ ń gbà.

"Ta" jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Oyin a máa ta ènìyàn, àkéekèé a máa ta ènìyàn, ojú egbò a máa ta ni bí iyọ̀ bá kàn án, ata sì ń ta ni lẹ́nu. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni Yorùbá ń lò fún gbogbo wọn, kì í sì í ṣe nítorí àìní ọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn baba wa rí ni pé ìmọ̀lára tí ata ń fún ẹnu kò sí ní agbo kan náà pẹ̀lú ti iyọ̀ tàbí ti oyin tí a lá: ìrora kékeré ni. Ní 1997, David Julius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ibi tí èròjà ata ti ń ṣiṣẹ́ lára iṣan tí ń gbé ìrora ni ibi kan náà tí ara fi ń mọ ooru tí ó lè jó ni. Iṣẹ́ náà wà lára ohun tí ó mú kí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Mo yọ̀ sí iṣẹ́ ńlá náà, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu. Àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe oró àkéekèé àti oró ata ti mọ̀ tipẹ́ pé ìbátan ni àwọn méjèèjì.

"Dùn" ni ó ṣòro jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ń sá fún un. Ahọ́n àti imú ni wọ́n jọ ń mọ̀ ọ́n. Ahọ́n ń mọ ohun tí ó dùn bí oyin, èyí tí ó korò, èyí tí ó kan àti èyí tí ó níyọ̀. Imú ni ó ń sọ pé èyí ń rùn bí igi gbígbẹ, èyí bí kòkó tí a yan, èyí bí awọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, èyí bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ bá. Bí a bá ní sìgá dùn, ohun tí a ń wí ni pé àwọn nǹkan wọ̀nyí bára mu, pé ọ̀kan kò bo èkejì mọ́lẹ̀, àti pé wọ́n ń pààrọ̀ àyè bí iná ti ń jẹ ewé lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni a ń lò fún orin àti ìlù pẹ̀lú. Ìlù lè dún kí ó má dùn. Kò sí Yorùbá tí yóò gbọ́ ariwo ìlù tí yóò sì sọ pé nítorí pé ó dún, ó ti dùn. Kí ni ó dé tí a fi ń gba irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnu, tí a kò lè gbà á lọ́wọ́ etí?

Bí a bá ti ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ báyìí, a ó rí i pé sìgá lè le kí ó má ta, ó lè ta kí ó má le, ó sì lè ṣe méjèèjì kí ó má dùn rárá. Mo ti mu èyí tí ó rọ̀ lẹ́nu bí òrí, tí kò ta imú, ṣùgbọ́n tí ó mú òógùn bọ́ lára mi kí n tó mu ún dé ìdajì. Mo sì ti mu èyí tí ó ń ta ọ̀fun bí ẹni pé a da ata sínú iná, tí kò sì sí agbára kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pe àwọn méjèèjì ní "líle" kò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

Bí èyí bá dà bí àrọ̀jinlẹ̀ olùkọ́ èdè lásán létí ẹnikẹ́ni, kí ó lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sìgá ní Kúbà. Ní Pinar del Río, ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà, ni agbègbè Vuelta Abajo wà, níbi tí San Luis àti San Juan y Martínez ti gba òkìkí nítorí tábà. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í da ewé ara igi kan pọ̀. Ewé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní volado. Ó fẹ́lẹ́, kò lágbára, ṣùgbọ́n òun ni ó ń jẹ́ kí iná ràn dáadáa. Ewé àárín ni seco. Òun ni ó ń gbé òórùn dídùn wá. Ewé òkè, tí oòrùn ń pa jù, ni ligero; ó nípọn, ó lọ́ràá, ó ń jó díẹ̀díẹ̀, òun ni ó sì le jù nínú wọn. Àárín gbùngbùn sìgá ni ẹni tí ń ká a máa ń fi ligero sí, tí àwọn yòókù yóò sì yí i ká. Bí ó bá jẹ́ pé líle ni adùn, ligero nìkan ni wọn ì bá máa ká. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé sìgá bẹ́ẹ̀ kò ní í jó bí ó ti yẹ, kò sì ní í ní òórùn tí ó pé. Àwọn tí ó ṣe ohun náà fi líle sí ipò ìránṣẹ́; àwa tí a rà á ni a sọ ọ́ di ọba.

Ọ̀rọ̀ sùúrù tún wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti já ewé, wọn a so ó rọ̀ nínú abà títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, wọn a tò ó jọ ní òkìtì kí ó lè gbóná fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ti ń ṣe irú yóò mọ ohun tí mò ń wí. A se é, a bò ó, ooru ara rẹ̀ ni ó sì ń sọ ọ́ di ohun mìíràn, òórùn mímú kan a sì máa jáde lára rẹ̀ tí ó ń fẹ́ jọ òórùn ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Òkìtì tábà náà a máa tú irú òórùn bẹ́ẹ̀ jáde. Bí ó bá gbóná jù, wọn a tú u, wọn a sì tún un tò. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò kó o pamọ́. Ligero ni ó ń pẹ́ ju seco àti volado lọ, a sì máa tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ewé tí a kò bá fún ní àsìkò yìí ni ó ń ha ọ̀fun, tí ó ń ta imú, tí ó sì ń mú kí ojú ṣomi. Èyí ni pé títa tí ọ̀pọ̀ ń yìn nínú sìgá olówó iyebíye kò ju àìjinná lọ nígbà mìíràn. Bí a bá gbé ọbẹ̀ tí kò jinná kalẹ̀ fún àwọn olùyìn wọ̀nyí, wọn yóò dá a padà. Ṣùgbọ́n wọ́n á sanwó ńlá fún tábà tí kò jinná, wọ́n á sì tún máa fi í yangàn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Fernando Ortiz, onímọ̀ àṣà ọmọ Kúbà, gbé ìwé kan jáde ní 1940, nínú èyí tí ó fi tábà àti ṣúgà wé ara wọn. Ọ̀kan nínú ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé tábà ń fẹ́ ìtọ́jú ewé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́, nígbà tí ṣúgà ń fẹ́ ẹ̀rọ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìjì ńlá tí a ń pè ní Ian kọlu Pinar del Río, ó sì wó ẹgbẹẹgbẹ̀rún abà tí wọ́n ti ń sá ewé. A lè tún abà kọ́ ní kíákíá bí owó bá wà. Kò sí owó tí a lè fi ra ọdún méjì tí ewé ní láti lò kí ó tó dé ojú ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá ń fi "ó le" dá iṣẹ́ irú àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ kò mọ ohun tí wọ́n ṣe, kò sì ní í mọ̀ bí wọn kò bá ṣe é mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi sìgá kan ṣe àpẹẹrẹ ohun tí mo pè ní ìdájọ́. Ilé-iṣẹ́ Partagás bẹ̀rẹ̀ ní Havana ní 1845, ọ̀kan nínú àwọn sìgá rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù ni Serie D No. 4, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 124. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n sí sìgá tí ó le tí ó sì ń ta. Bí a bá fi ẹ̀sọ̀ mu ún, tí a kò fà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ìṣẹ́jú kan, ohun tí mo rí nínú rẹ̀ nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí a bá fi imú tú díẹ̀ nínú èéfín jáde, ó ń ta ni lókè imú ju orí ahọ́n lọ, títa náà kì í sì í pẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn igi gbígbẹ àti ti ilẹ̀ máa ń yọ. Nígbà tí iná bá dé àárín, ata a rọlẹ̀, kòkó yíyan àti awọ a sì gba ipò rẹ̀, pẹ̀lú ìkorò díẹ̀ bí ti kọfí tí a kò fi ṣúgà sí. Ní ìkẹyìn ni líle rẹ̀ máa ń fara hàn, a ó sì mọ̀ pé inú ara ni ó ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro: ohun tí ó kù lẹ́nu lẹ́yìn tí a bá ti gbé e sílẹ̀ jẹ́ adùn tútù kan tí kò ní ata nínú mọ́. Èyí ni mo fi sọ pé sìgá dáadáa ni. Kì í ṣe nítorí pé ó ta mí. Nítorí pé ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dẹ́kun títa ni.

Ṣùgbọ́n ata wo ni ó ń ta níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó jẹ́ tiwa ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn lámèyítọ́ sìgá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kì í sábà lọ ju ata dúdú, ata funfun àti ata pupa lọ. Àwa ní ata rodo, ṣọ̀ńbọ̀ àti ata wẹ́wẹ́. A ní ataare, iyèré, èèrù àti atalẹ̀. Rodo ń gbé òórùn èso wá, a sì máa pẹ́ ní ètè àti lórí ahọ́n. Iyèré ń kọlu ọ̀fun àti imú, ó tètè ń lọ, ó sì ń fi òórùn igi sílẹ̀. Ataare ń ta, lẹ́yìn náà ó ń ta sánsán, ó sì ń bá ni gbé pẹ́. Èèrù ní òórùn ju títa lọ, pẹ̀lú ìkorò díẹ̀. Atalẹ̀ ń mú àyà gbóná. N kò tíì bá rodo pàdé nínú sìgá kankan. Iyèré ni ata inú sìgá tí mo ṣàpèjúwe lókè yìí. Èèrù ni mo máa ń bá nínú àwọn mìíràn tí ó ti pẹ́ nínú àpótí. Ẹni tí ó bá sọ báyìí ti sọ ohun tí ẹlòmíràn lè tọ́ wò kí ó sì jiyàn sí. Síbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n gba oyè gíga ní yunifásítì ń sọ fún mi pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ wà nílé ìdáná ìyá wọn. Àwọn ni kò wọlé lọ mú un.

Èèbó náà ní àléébù tirẹ̀. Láti 1992 tí ìwé ìròyìn Cigar Aficionado ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni àṣà fífún sìgá ní máàkì lórí 100 ti gbilẹ̀. Mo gbóríyìn fún wọn pé wọ́n máa ń yọ bébà orúkọ kúrò lára sìgá kí àwọn atọ́wò tó mu ún, kí orúkọ má baà dá ẹjọ́ dípò ẹnu. Ṣùgbọ́n máàkì 92 kò sọ fún mi bóyá iyèré ni tàbí èèrù. Àwọn ènìyàn wa sì ti gbé máàkì náà, wọ́n fi ti líle. Wọ́n ń wá iye tí ó ga jù àti èyí tí ó le jù nínú àpótí kan náà.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀ràn àjèjì ni gbogbo èyí, pé kí ni ó kan Yorùbá nínú ìdájọ́ tábà. Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn oníṣòwò Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ń kó tábà wá sí etíkun wa, láti Àjùdà lọ dé Èkó. Pierre Verger ti kọ ìtàn náà ní kíkún nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1968. Ewé tí ó dára jù, Lisbon ni wọ́n ń kó o lọ. Ìpele kẹta, tí wọ́n kà sí èṣà, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ilẹ̀ wa. Wọ́n lọ́ ọ bí okùn, wọ́n sì fi oje ìrèké tí a sè pa á lára. Ẹnu àwọn ará etíkun ìhín fẹ́ràn rẹ̀ nítorí adùn àti òórùn rẹ̀, débi pé àwọn òyìnbó ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n fẹ́ ṣòwò níbí ní láti wá a kiri. Àwọn tí ó rà á kò gba orúkọ èṣà tí Lisbon fún un. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n sì dá ẹjọ́ tiwọn, adùn ni wọ́n sì fi dá a. Ohun tí wọ́n sì fi san owó rẹ̀ ni ènìyàn. N kò lè mẹ́nu ba ìmọ̀ ẹnu wọn kí n má mẹ́nu ba iye tí ó náni.

Nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí a ń pè ní Lùkùmí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kú. Títí di òní, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà Kúbà a máa fi sìgá bọ Ẹlẹ́gbára, Ògún àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń fẹ́ èéfín rẹ̀ sí ojúbọ. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú èdè ìsìn wọn ni achá. Aṣáà wa ni. Ohun tí ìyá àgbà ń fín nímú ní Ìṣẹ́yìn àti ohun tí wọ́n ń gbé síwájú òrìṣà ní Havana ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ má ṣe sọ fún mi mọ́ pé àlejò ni èdè yìí nínú ọ̀rọ̀ tábà.

Ó ku kí n dáhùn àwọn àwíjàre mẹ́ta tí mo máa ń gbọ́. Èkíní ni òwe tí gbogbo wọn mọ̀: ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n kò sọ pé ata nìkan ni kí ẹ̀mí máa jẹ. Ata wà nínú ọbẹ̀ pẹ̀lú epo, iyọ̀, irú àti ẹran. Obìnrin tí ó bá gbé omi ata lásán ka iwájú ọkọ rẹ̀ kò lè fi òwe yìí gba ara rẹ̀ là.

Èkejì ni pé sìgá tí kò le kò yẹ ọkùnrin. Èyí kò tilẹ̀ yẹ ní dídáhùn, bí kò ṣe pé àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ ọ. Àwọn ìyá àgbà wa ni wọ́n ń fín aṣáà tí yóò mú géńdé sín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, wọn kò sì fi í pe ara wọn ní akin. Ìfaradà oró kì í ṣe ìmọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ ni, ẹni tí àkéekèé ta jù lọ ni ì bá jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n láàárín wa.

Ẹ̀kẹta ni ó ní làákàyè jù: wọ́n ní ẹnu olúkúlùkù ni ó mọ adùn tirẹ̀, pé kò sí ẹni tí ó lè dá a lẹ́jọ́. Mo gbà pé ohun tí mo fẹ́ràn kì í ṣe dandan kí ẹlòmíràn fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yàtọ̀ sí ìdájọ́. Mo lè fẹ́ràn ọbẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, kí n sì mọ̀ síbẹ̀ pé iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Bí iná sìgá bá ń jẹ ẹ̀gbẹ́ kan tí ó fi èkejì sílẹ̀, bí ewé rẹ̀ bá ṣì ń tú òórùn òkìtì jáde, bí ó bá jẹ́ pé ohun kan náà ni ó ń sọ láti orí dé ìdí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ mọ́. Ẹnu méjì tí a kọ́ yóò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí n kò gbọdọ̀ gbójú fò. Sìgá eléwé ń pa ènìyàn. Ní 1998, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí àrùn jẹjẹrẹ tẹ ìwádìí ńlá kan jáde tí ó fi hàn pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, ti ọ̀fun, ti ọ̀nà oúnjẹ àti ti ẹ̀dọ̀fóró, àti pé tábà inú sìgá ńlá kan lè tó ti odindi ogún sìgá oníbébà. Èmi a máa mu ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, n kì í sì í gba ẹnikẹ́ni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kí ó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni àṣìṣe àwọn olùyìn líle ti burú jù. Ohun tí ń so ènìyàn mọ́ tábà tí kò fi lè fi í sílẹ̀, nikotíìnì ni. Líle tí wọ́n ń kan sáárá sí, nikotíìnì ni. Ẹni tí ó ń wá adùn lè mu ọ̀kan kí ó tó o fún oṣù kan, nítorí adùn a máa tó ni. Ẹni tí ó ń wá líle kò ní í ní ìtẹ́lọ́rùn, nítorí ara ń mọ́ oró lára. Èyí tí ó le lánàá yóò rọ̀ lọ́la, yóò sì máa wá èyí tí ó le jù ú lọ.

Mo ń rí àrùn kan náà nínú iṣẹ́ tèmi gan-an. Nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ewì kan wá, yóò ní ó dára púpọ̀. Bí mo bá bi í léèrè ìdí, yóò ní àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le. Ó ti ka líle sí ìjìnlẹ̀. Akéwì náà ti mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, ó sì ti kó ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ jọ bí ẹni fi ligero nìkan ká sìgá: kò jó, kò ta sánsán, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ni lóyì. Orílẹ̀-èdè tí kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó gbá a létí àti ohun tí ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n kò ní í pẹ́ tí yóò fi máa yin ẹnikẹ́ni tí ó bá lè gbá a létí.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ dá sìgá lẹ́jọ́ sọ bí ó ti ń jó, kí ó sọ òórùn rẹ̀, kí ó dárúkọ ata rẹ̀, kí ó sọ ibi tí títa náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó dópin, kí ó sì sọ ohun tí ó gbẹ̀yìn lẹ́nu. Kí ó wá sọ bí ó ti le tó gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀ fún ẹni tí yóò mu ún lẹ́yìn rẹ̀, bí a ti ń sọ fún àlejò pé òkúta wà lọ́nà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó nílò fún èyí ni ó ti wà nínú èdè rẹ̀. Bí kò bá lò wọ́n, kí ó gbà pé òun kò tíì dá ẹjọ́. Ikọ́ ni òun wú.